Kí Ẹ Tó Bu Òkèlè: Wíwọn Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ṣáájú Oúnjẹ

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Sábó, Ṣágámù, oúnjẹ ti ń pe èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Onítíì ti ń da tíì láti inú kọ́ọ̀bù kan sí òmíràn, oníwáínà ti gbé páànù kaná, onífúrá ti gbé igbá rẹ̀ jáde, alákàrà sì ti gbé epo kaná. Àwọn oníṣòwò obì gbàǹja a máa sáré fi nǹkan sẹ́nu kí wọ́n tó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ obì, torí pé bí ọjà bá ti gbóná, kò sáyè mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní ìbéèrè kan tó gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó dá oúnjẹ kankan lóhùn: èló ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi báyìí?

Orí ìwé yìí wà fún ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó tún wà fún ọmọ, ọkọ, ìyàwó tàbí aládùúgbò tó ń tọ́jú rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó dúró sí yín lọ́kàn: a kì í gún ìka lásán. Nọ́ńbà tó bá jáde gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ máa ṣe sí oúnjẹ tó wà níwájú yín, tàbí sí oògùn tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá ta sílẹ̀ láìṣe ìpinnu kankan lẹ́yìn rẹ̀, òfò ni, òfò owó ló sì jẹ́ pẹ̀lú.

Láyé àtijọ́, èèrà ló ń tú àṣírí àìsàn yìí. Bí èèrà bá ń rọ́ lọ síbi tí èèyàn tọ̀ sí, wọ́n á mọ̀ pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ èèrà a máa pẹ́ dé. Kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 180 lórí ìwọ̀n mg/dL tí màá ṣàlàyé níwájú. Bí ṣúgà bá sì lọ sílẹ̀ jù, èyí tó lè dá èèyàn dùbúlẹ̀ kíákíá ju ti gíga lọ, èèrà kò ní ohun kan láti sọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ la ń wọ̀n.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fi í ṣeré

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló nílò láti wọ̀n ṣáájú gbogbo oúnjẹ. Dókítà yín ló máa sọ iye ìgbà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ fojú di í:

- ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin;
- ẹni tó ń lo oògùn tó ń lé ṣúgà wálẹ̀ tagbára-tagbára, bíi glibenclamide (tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil) tàbí glimepiride;
- aláboyún tó ní àtọ̀gbẹ;
- ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa oògùn rẹ̀ dà tàbí tí wọ́n fi kún un;
- ẹni tí ara rẹ̀ kò yá: tó ní ibà, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru;
- ẹni tó ń gba ààwẹ̀;
- ẹni tó fẹ́ wakọ̀ ọ̀nà jíjìn tàbí tó ń fi ọ̀kadà jẹun.

Ẹni tó ń lo metformin nìkan, tí ara rẹ̀ sì dúró dáadáa, lè máa wọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó náwó.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, kó má baà di pé ẹ ń wá èyí tí ẹ ń wá òmíràn nígbà tí ara ń gbọ̀n.

1. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè bóyá sítíríìpù rẹ̀ ń wà ní ilé oògùn tó súnmọ́ yín nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí sítíríìpù rẹ̀ ṣọ̀wọ́n yóò di ohun ọ̀ṣọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.
2. Sítíríìpù, ìyẹn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń fa ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn ṣiṣẹ́.
3. Abẹ́rẹ́ kéékèèké àti ohun ìgúnka tó dà bíi bírò.
4. Ọṣẹ, omi àti aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, kẹ́tù omi kan ti tó.
5. Òwú díẹ̀.
6. Ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò. Ìwé ọmọ ilé-ìwé tí ẹ fi rúlà pín sí ìlà márùn-ún ti tó.
7. Ike tó le, tó ní ìdérí, bíi ike òfìfo tí wọ́n fi ta omi ìfọṣọ, fún abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò. Ọ̀rá kò dára, torí abẹ́rẹ́ á gún un já.
8. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́rin tí ẹ dì sínú ọ̀rá kékeré. Èyí kì í ṣe fún tíì o. Oògùn ìdóòlà ẹ̀mí ni, kò sì gbọdọ̀ kúrò nínú àpò náà.

Kí ẹ tó lo ẹ̀rọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ wo irú ìwọ̀n tí ẹ̀rọ yín ń kọ. Oríṣi méjì ló wà ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni mg/dL, tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń rí bíi 96, 130 tàbí 245. Èkejì ni mmol/L, tí àmì bíńtín máa ń wà láàárín nọ́ńbà rẹ̀, bíi 5.3, 7.2 tàbí 13.6. Bí ẹ bá fẹ́ yí èkejì padà sí àkọ́kọ́, ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹn ni pé 5 jẹ́ 90, 10 sì jẹ́ 180.

Ìkìlọ̀: ẹni tó rí 13.6 tó rò pé ó kéré, tó wá mu tíì oníṣúgà lé e, ti fi ṣúgà lé ṣúgà lórí, torí 13.6 yẹn sún mọ́ 245. Ẹ fi bírò kọ irú ìwọ̀n tí ẹ̀rọ yín ń lò sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹni tó bá ń ràn yín lọ́wọ́ lè mọ̀. Mg/dL ni mo lò nínú ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ rí i pé ọjọ́ àti aago inú ẹ̀rọ náà tọ̀nà. Bí ẹ̀rọ yín bá ń lo nọ́ńbà kóòdù, kóòdù ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bá ti ara ike sítíríìpù mu.

Ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ti jinná tàbí kó ti wà nítòsí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ rí ní aago méje kì í ṣe ti oúnjẹ tí ẹ máa jẹ ní aago mẹ́sàn-án. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú oúnjẹ ló yẹ, kí ẹ sì tó lo oògùn. Tíì, fúrá àti kúnú, oúnjẹ ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ti mu wọ́n, ẹ kò wọ̀n ṣáájú oúnjẹ mọ́.

2. Ẹ jókòó. Ẹni tó ń gún ìka lórí ìdúró lè jẹ́ kí ẹ̀rọ já bọ́, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ sì lè ṣubú.

3. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Oje ọsàn, fúrá tàbí ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ìka yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ bíńtín yẹn, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ ọn. Ìyá mi bó ọsàn fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gún ìka lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ sọ 243. Ó fọwọ́, ó tún un ṣe, 128 ló jáde. Ká ní ó ti fi kún insulin rẹ̀ nítorí 243 yẹn ńkọ́? Omi tún gbọ́dọ̀ gbẹ lọ́wọ́, torí omi á bu ẹ̀jẹ̀ là, á sì mú kí nọ́ńbà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá lo sípíríìtì, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá.

4. Ẹ wo ọjọ́ tí sítíríìpù máa kásẹ̀ ńlẹ̀, tó wà lára ike rẹ̀. Àwọn kan tún ní gbèdéke oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ike. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ yọ ẹyọ kan, kí ẹ sì dé ike náà lójú ẹsẹ̀.

5. Ẹ ki sítíríìpù bọ ẹ̀rọ. Ẹ dúró kí àmì ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó hàn lójú rẹ̀.

6. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun sínú ohun ìgúnka. Ẹ so ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ kejì ra á láti ìsàlẹ̀ wá sí ọ̀nà ìka. Ní àsìkò ọyẹ́, tí ọwọ́ máa ń tutù, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á ràn yín lọ́wọ́.

7. Ẹ gún ẹ̀gbẹ́ orí ìka, ẹ má ṣe gún àárín rẹ̀. Àárín yẹn la fi ń tẹ nǹkan wò, ibẹ̀ sì máa ń dun èèyàn jù. Ìka àárín, ìka tó tẹ̀ lé e àti ìka kékeré ló dára jù. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sílẹ̀ fún iṣẹ́, pàápàá ẹni tó ń bó obì. Ẹ máa pààrọ̀ ìka, kí ojú kan má baà le.

8. Ẹ ra ìka náà jẹ́jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè kán jáde. Bí ẹ bá fún un tagbára-tagbára, omi ara á dà pọ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà ò sì ní péye. Tí ẹ bá ti fọwọ́ dáadáa, ẹ̀kán àkọ́kọ́ ṣeé lò. Bí kò bá sí omi rárá, ẹ fi òwú nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ lo èkejì.

9. Ẹ fi etí sítíríìpù kan ẹ̀jẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa fà á. Ẹ má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ pa á lójú. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa sọ pé àṣìṣe wà. Ẹ lo òmíràn, ẹ má ṣe méfò.

10. Ẹ ka nọ́ńbà náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn: ọjọ́, aago, nọ́ńbà, oògùn tí ẹ lò, oúnjẹ tí ẹ fẹ́ jẹ. Bí ara yín bá ń gbọ̀n tàbí orí ń fọ́ yín, ẹ kọ ìyẹn náà.

11. Ẹ fi òwú tẹ ojú ibi tí ẹ gún. Ẹ ju abẹ́rẹ́ sínú ike, ẹ dé e. Bí ike bá fẹ́ kún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ilé oògùn tó ń gbà á. Ẹ má ṣe dà á sórí ààtàn tí àwọn ọmọdé ń ṣeré.

12. Ẹ pinnu. Abala tó kàn ló máa tọ́ yín.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lóyún, ibi tí a ń fẹ́ kí ṣúgà wà ṣáájú oúnjẹ ni 80 sí 130. Wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kò yẹ kó tó 180. Bàbá tàbí ìyá arúgbó tó ní àìsàn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn lè ní ààlà tó ga díẹ̀, bíi 90 sí 150, torí ìṣubú àti dídákú burú fún un ju ṣúgà tó ga díẹ̀ lọ. Ti aláboyún le ju ti gbogbo èèyàn lọ: láàárọ̀ ṣáájú oúnjẹ, kò yẹ kó tó 95. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ààlà tiyín sí iwájú ìwé àkọsílẹ̀ yín.

*Lábẹ́ 70:* ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ tọ́jú èyí kí ẹ tó jẹun. *Lábẹ́ 54:* ewu ńlá ni. Ẹ ké sí ẹnì kan kó dúró tì yín.

*70 sí 130:* ẹ jẹ oúnjẹ yín, ẹ lo oògùn yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bó bá sún mọ́ 70, ẹ má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́.

*131 sí 180:* ẹ jẹun, kí ẹ sì dín òkèlè kù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju ẹ̀bà lọ nínú àwo. Ẹ wo ohun tí ẹ jẹ kẹ́yìn nínú ìwé yín.

*Láti 181 dé 250:* ẹ fọwọ́, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, ẹ mu omi lásán, ẹ dín òkèlè kù dáadáa, ẹ sì lo oògùn yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Bó bá ń rí báyìí ní ọjọ́ mẹ́ta léra, ó yẹ kí dókítà rí ìwé yín kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

*Ju 250 lọ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn:* ẹ kàn sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èébì, inú rírun, mímí kíákíá-kíákíá tàbí ìdààmú ọpọlọ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Bí ẹ̀rọ bá kọ "HI", kò kí yín o. Ohun tó ń sọ ni pé ṣúgà ti ga kọjá ibi tí òun lè kà á dé. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Láti Sábó, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà nínú ìlú Ṣágámù níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní apá Ìkẹ́nnẹ́ lè lọ sí ti Yunifásítì Babcock ní Ìlísàn. Ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ lọ́sàn-án kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀ lóru.

Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 70

Àmì rẹ̀ ni òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ebi òjijì, àyà jíjá, ìbínú tí kò nídìí, ojú ṣíṣú. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ mu ún. Ó tó nǹkan bíi gíráàmù 15. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ mu nǹkan bíi ìdajì ìgò mínírà tó ní ṣúgà. Èyí tí wọ́n kọ pé kò ní ṣúgà kò wúlò níbí.
2. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wọ̀n.
3. Bó bá ṣì wà lábẹ́ 70, ẹ tún mu ìwọ̀n kan náà.
4. Bó bá ti kọjá 70, ẹ jẹ oúnjẹ yín lójú ẹsẹ̀, kó má baà tún wálẹ̀.

Ẹ má ṣe fi àkàrà, ṣúyà tàbí ẹ̀pà tọ́jú ṣúgà tó wálẹ̀. Ọ̀rá inú wọn máa ń fa ọwọ́ ṣúgà sẹ́yìn kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe gún insulin nígbà tí nọ́ńbà ṣì wà lábẹ́ 70. Bí ẹ bá ń wakọ̀ tàbí gun ọ̀kadà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Bí ẹni náà bá ti dákú tàbí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ kò gbọdọ̀ da omi, ṣúgà, oyin tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Obì, ààwẹ̀ àti àgbo

Obì kò jìnnà sí ẹnu ní Sábó. Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ó máa ń pa ebi. Ẹni tó ti gún insulin tàbí lo Daonil, tó wá ń fi obì ti ebi sẹ́yìn títí ọjà fi tú, ti fi oògùn sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nínú òfìfo. Èkejì, obì máa ń mú kí ọkàn lù kìkì, ó sì lè mú kí ọwọ́ gbọ̀n, bí ṣúgà tó wálẹ̀ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ara nìkan ò lè sọ èwo ni fún yín. Ẹ̀rọ ló lè sọ ọ́. Ẹ gún ìka.

Nínú oṣù Ràmàdáánì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹ lọ bá dókítà, torí ó lè pa àkókò àti ìwọ̀n oògùn dà. Gígún ìka kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ló ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ wọ̀n ṣáájú sààrì, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́ àti ṣáájú ìṣínu, àti nígbàkigbà tí ara bá yí padà. Bó bá lọ sábẹ́ 70 tàbí ó ju 300 lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pe ìrun. Òfin kan náà ló wà fún Kristẹni tó ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀sìn méjèèjì ló fún aláìsàn láyè.

Bí ẹ bá ń mu omi ewúro tàbí àgbo kan, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún dókítà. Òun àti oògùn lè jọ fa ṣúgà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ má sì fi í rọ́pò oògùn. Ọtí líle lórí òfìfo inú tún máa ń fa ṣúgà wálẹ̀, òógùn àti ọ̀rọ̀ wúruwùru tó sì máa ń tẹ̀ lé e, ẹni tó wà nítòsí á pè é ní ìmutípara.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Gígún abẹ́rẹ́ kí oúnjẹ tó wà.* Ẹni tó gún insulin tó wá rán ọmọ lọ ra gààrì ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Ọ̀kadà lè bàjẹ́, òjò lè rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwo wà níwájú yín.

*Àjọlò abẹ́rẹ́.* Tọkọtaya, ìyá àti ọmọ, ọ̀rẹ́ méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan: kí oníkálukú ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ àti ohun ìgúnka tirẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá di dandan kí ẹni méjì lo ẹ̀rọ kan náà, ẹ fi oògùn apakòkòrò tí ìwé rẹ̀ sọ nù ún láàárín ẹnì kan sí èkejì.

*Fífi sítíríìpù sínú oòrùn.* Iwájú mọ́tò, orí fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ìdáná àti inú fíríìjì kò dára fún un. Kọ́bọ́ọ̀dù yàrá tó gbẹ, tó sì tutù díẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ má ṣe dà á sínú ọ̀rá tàbí ike mìíràn, torí ike rẹ̀ ló ń lé ọ̀rinrin sẹ́yìn. Ẹ má sì ra sítíríìpù tí wọ́n ń tà lẹ́yọ-lẹ́yọ láìní ike.

*Àjẹyó àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ti wíìtì.* Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé oúnjẹ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ láìwọ̀n. Òkèlè ni òkèlè ń jẹ́. Ẹ ka ìkọ́kọrẹ́, ìrẹsì Ọfàdà àti túwó náà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí òkèlè yín má ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ yín lọ, kí ẹ wá wọ̀n ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ló máa sọ èyí tó bá yín lára mu.

*Fífi oògùn kún oògùn.* Nọ́ńbà gíga kan ṣoṣo kì í ṣe àṣẹ láti lo oògùn ìlọ́po méjì. Ẹni tí dókítà ti kọ ìwọ̀n àfikún insulin fún nìkan ló lè fi kún un, kò sì gbọdọ̀ kọjá ohun tó kọ.

*Ríro pé ẹ̀rọ kì í ṣì.* Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lè rí nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ yín dání, kí ẹ gún ìka ní àkókò kan náà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ti ilé ìwòsàn bá jẹ́ 200, tiyín lè wà láàárín 170 sí 230. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ìdí.

Bí owó sítíríìpù kò bá tó

Sítíríìpù wọ́n. Ẹni tó ń gún insulin kò gbọdọ̀ fi í ṣe ahun, àmọ́ ẹni tí dókítà bá fún láyè lè pín in báyìí: lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, lọ́jọ́ Wẹ́sìdè, ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán, lọ́jọ́ Fúráìdè, ṣáájú oúnjẹ alẹ́, lọ́jọ́ Sátidé, méjì lórí oúnjẹ kan ṣoṣo, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín oṣù kan, ẹ óò ti rí ojú gbogbo oúnjẹ yín. Ẹ máa fi méjì pamọ́ nígbà gbogbo fún ọjọ́ tí ara bá ṣe ségesège.

Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà tó dùn-ún wò nítorí kó má baà bá yín wí. Oògùn tí yóò kọ fún nọ́ńbà irọ́, ara òtítọ́ ló máa mu ún.

Lọ́la, nígbà tí onítíì bá tún ń da tíì, tí òórùn àkàrà sì gba àdúgbò kan, ẹ jókòó ná. Ẹ fọwọ́, ẹ wọ̀n, ẹ kọ, ẹ pinnu. Lẹ́yìn náà, ẹ bu òkèlè yín, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn.